Kìnnìún Páálí Níbi Ọjọ́ Ìbí Ikhlas

Ilé Kejì sí Ṣọ́ọ̀bù Ẹja Yìnyín,
Mòlípa,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ràmọ́tà ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá Ayman,

Àlàáfíà kó máa bá ọ gbé nínú ilé yẹn o. Báwo ni Ayman? Ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti hù padà, àbí ó ṣì ń fọhùn bí arúgbó? Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyá rẹ ní Òkè-Àdó ńkọ́, ṣé ara wọn le? Iṣẹ́ ńkọ́? Omi ńkọ́? Iná ńkọ́? Mo mọ̀ pé iná kò sí, mo kàn ní kí n béèrè ni. Ní tiwa níbí, ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wàhábì ọkọ mi tún sanra sí i, ó ní aṣọ ló ń súnkì. Irọ́ ni.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìwọ lo fà á. Gbogbo ohùn tí mo bá gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, gbangba lo ti máa ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ á gbọ́, ará ilé á gbọ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójúde náà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí kan ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó bá sì ta sí wọn létí, mo gbé. Tí o bá kà á tán, fi dáná.

O rántí pé oṣù Kẹsàn-án la kó kúrò ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n gbé Wàhábì wá sí ọ́fíìsì wọn níbí. Èmi náà ti ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ wọn. Ara àwa méjèèjì ti mọlé. Ikhlas ni tirẹ̀ ò mọlé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó dìde kàwé ní kíláàsì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, ọmọ pa ẹnu dé. Ikhlas o, Ràmọ́tà! Ikhlas tó dá àlùfáà lóhùn níbi tí wọ́n ti ń sàdúà, tí ìwọ fúnra rẹ sọ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé tí òun bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, orí ló máa ń mì. Tí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, òun nìkan á lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri. Tó bá délé, mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, á ní kò sí nǹkan. Ó dùn mí débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, o sì mọ̀ pé èmi kì í bá oúnjẹ ṣeré.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọjọ́ tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, màá pe gbogbo kíláàsì rẹ̀ wá sílé. Bí wọ́n bá jọ ṣeré ní ọjọ́ kan péré, bóyá ọ̀rọ̀ á yọ lẹ́nu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ẹranko inú igbó, pé kí oníkálukú wọ ìbòjú ẹranko tó bá wù ú wá. Ohun kan ṣoṣo ló sọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ibi tí Àǹtí Azeemah ti gbọ́ ni mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Wàhábì ni wọ́n, gbọ̀ngàn ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó ń náwó, kò sì sí ayẹyẹ ọmọdé kan láti Ìmẹ̀pè dé Ìbàdàn Róòdù tí wọn ò lè sọ bó ṣe rí. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ní láìsí ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, èyí tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀, kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tó máa jókòó tì mí. Mo ní eré tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ni wọ́n máa ṣe. Wọ́n ní kí ni a máa fi ṣe é? Mo ní páálí. Ràmọ́tà, o ò rí ẹnu tí wọ́n yọ! Inú bí mi, ni mo bá fọwọ́ sọ̀yà níwájú wọn pé kò sí ọmọ tó máa rántí ilé rọ́bà. Ẹnu mi yìí ló máa ń kó bá mi.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ tọrọ páálí fìríìjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, mo gbé e lé kẹ̀kẹ́ Maruwa, ojú gbogbo títì ń wò mí bí ẹni tó kó lọ sínú páálí. Mo ya orí kìnnìún sí i, Wàhábì sì fi ọ̀bẹ ilé ìdáná gé ẹnu rẹ̀ lu, ihò tó fẹ̀ dáadáa. Ọ̀dà tí àwọn tó kun ilé fi sílẹ̀ ni mo fi kùn ún. Ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni mo gé ṣe eyín. Ó wá ku irun ọrùn. Irun àfilérí mi aláwọ̀ ràkúnmí yẹn, èyí tí mo dé wá síbi ìsọmọlórúkọ Ayman, òun ni mo lẹ̀ yí i lórí ká. Má bínú o. Ó yẹ kìnnìún jù mí lọ.

Bí eré náà ṣe rí nìyí: ọmọ á dúró lẹ́yìn ìlà, á ju àpò kékeré sí kìnnìún lẹ́nu. Láàárín òun àti kìnnìún, mo to báàfù ìfọṣọ mẹ́ta, ìyẹn ni odò. Àpò tó bá já sínú odò, ọ̀nì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ṣòkòtò kakí Wàhábì tí kò lè wọ ìdí rẹ̀ mọ́ ni mo gé rán àwọn àpò náà, mo fi ẹ̀rọ gba ojú ìrán ní ẹ̀ẹ̀méjì kó má baà tú. Ó wá di kí ni a máa rọ sínú rẹ̀. Mo ní yanrìn, Wàhábì ní yanrìn á ba rọ́ọ̀gì jẹ́. Mo ní ẹ̀wà, ìyá rẹ̀ wò mí bí ẹni tó ní ká lọ rọ góòlù sí i.

Ìyá wa yìí, ìyá ọkọ mi, ti dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nítorí ọjọ́ ìbí náà, wọ́n sì gbé àpò gàrí ńlá kan dání, gàrí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan, kíkan, gbígbẹ, tó ń dún ṣàrà-ṣàrà bí o bá bù ú. Wọ́n ní ṣebí gàrí nìyí. Wọ́n ní kò le ju bó ṣe yẹ, bó bá tiẹ̀ ba ọmọ lójú kò ní ṣe é ní nǹkan, ó sì pọ̀ nílé. Èmi àti Wàhábì wo ara wa, ọ̀rọ̀ àgbà wọ̀ wá létí. Ìyá wa ló rọ ọ́, èmi ni mo rán ẹnu rẹ̀ pa. Ní ọjọ́ Fúráìdé a dán an wò. Wàhábì jù, kò wọlé. Mo jù, ó ba fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ìyá wa jù, ó wọ kìnnìún lẹ́nu ṣàà, wọ́n sì fò sókè bí ọmọdé. A ò tíì rọ omi sínú báàfù nígbà yẹn. Ṣé o ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Àwa ò rí i.

Ràmọ́tà, ìyá tó ti ń yan gàrí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ọkọ tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìmu gàrí. Èmi tí mò ń dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kejì, tí mò ń fi ẹfun kọ ẹ̀gẹ́ àti gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, la gbé gàrí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ sọ nǹkan kan fún un.

Sátidé dé. Mo rọ omi sínú odò, mo po búlúù ìfọṣọ mọ́ ọn kó lè dà bí omi gidi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀bọ, àgùntàn, ẹkùn méjì. Odídẹrẹ́ ni Ikhlas mú, odídẹrẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Déọlá ni olórí kíláàsì wọn, ohun tí Déọlá bá rẹ́rìn-ín sí ni gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ọmọ mi kàwé. Ó gbé ojú erin bojú, ó wọlé, ó wo kìnnìún láti orí dé ilẹ̀, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ibo ni ilé rọ́bà wà?" Àǹtí Azeemah tó jókòó sórí àga wúkọ́. Ikọ́ kankan ò ṣe wọ́n.

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ dára. Ọmọkùnrin kan, Máyọ̀wá, tó ṣe ọ̀bọ, ju tirẹ̀ sí kìnnìún lẹ́nu gẹ́lẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù ń já sínú omi, gbogbo wọn á pariwo pé ọ̀nì ti jẹ ẹ́, omi á ta sókè, wọ́n á sá sẹ́yìn. Inú mi ń dùn. Mo tiẹ̀ ń wo Àǹtí Azeemah láti ẹ̀gbẹ́ ojú kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ń rí i. Mo fi àwọn àpò sílẹ̀ nínú odò, mo lọ gbé zóbò àti pọ́ọ̀fù wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n nu ọwọ́ sára kọ́tìnì mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní ó yá, ẹ kó àpò jáde lẹ́nu ọ̀nì, ká tún bẹ̀rẹ̀.

Máyọ̀wá ti ọwọ́ bọ omi. Ohun tó tó ọsàn nígbà tó wọlé ti tó orí ọmọ tuntun nígbà tó máa jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ojú ìrán ń ké pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́. Ló bá bẹ́! Ẹ̀bà tútù, aláwọ̀ búlúù, ló ṣàn láti àyà rẹ̀ dé inú bàtà. Òmíràn bẹ́ nínú omi fúnra rẹ̀, pòó! Ìyá wa figbe ta, "Gàrí mi ò!", bí ìgbà tí ọmọ já sí kànga. Wàhábì la ẹnu, ó ní, "Ó mà wú o." Bí ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò.

Máyọ̀wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Déọlá ṣí ojú erin kúrò lójú, ó ní, "Irú pátì wo nìyí?" Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pe mọ́mì òun kí wọ́n wá mú òun lọ sílé. Àwọn ẹkùn méjèèjì ní kí n pe tiwọn náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí Àǹtí Azeemah tí wọ́n dìde, tí wọ́n mú fóònù, tí wọ́n rọra yípo lọ sẹ́yìn kìnnìún, wọ́n na fóònù síbi ihò ẹnu rẹ̀ kí wọ́n lè ká gbogbo wa pọ̀. Mo mọ ibi tí fídíò yẹn ń lọ. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló wà lórí Wásáàpù yẹn, títí dé àwọn tó wà ní Kánádà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Mo wo Ikhlas lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣa gbogbo àwọn tó máa fi í ṣẹ̀sín jọ, mo bọ́ wọn, mo fún wọn ní zóbò. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé.

Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ọmọ yìí ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́bàá odò, ó yan àpò tó tóbi jù nínú àwọn tí kò tíì bẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó fì í sẹ́yìn, ó jù ú. Mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i tàbí ó kàn fẹ́ jù ú ni, mi ò sì tíì bi í. Àpò náà fò kọjá odò, ó wọ kìnnìún lẹ́nu láìkan eyín kankan. Àǹtí Azeemah sì wà lẹ́yìn ibẹ̀, ojú wọn gan-an ló wà níbi ihò.

Pọ̀ọ̀!

Kìnnìún rọra fì, ó dojú bolẹ̀ tòun ti irun àfilérí mi. Àǹtí Azeemah ló kù lóòró, gàrí búlúù ń kán láti orí hijáàbù dé àgbọ̀n, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó ṣì ń ká fídíò. Ìgbà náà ni Ikhlas la ẹnu, pẹ̀lú ohùn tí àwọn oní-Maruwa títì á gbọ́, ó ní, "Kìnnìún ti bì o!"

Ràmọ́tà, ilé dàrú. Déọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Máyọ̀wá tó ń sunkún gbàgbé ẹkún, ó bu gàrí láyà ara rẹ̀, ó jù ú lu ẹkùn. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi. Ikhlas gun orí tábìlì, ohùn Ìbàdàn yẹn kan náà ló fi ń pàṣẹ, ó ní kí erin bọ́ sẹ́yìn àga, ó ní kí ọ̀bọ lọ kó àpò wá, ó ní kí àgùntàn yé sunkún, ogun nìyí. Wọ́n sì ń ṣe é! Déọlá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun sínú ọmọ ogun tirẹ̀, ó ní kó dúró ná, òun ń rò ó.

Èmi ńkọ́? O mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í fi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ́rìn-ín. Mo sáré kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Azeemah, orúnkún mi méjèèjì wà nínú gàrí, kí n bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí ìpéǹpéjú wọn ni ẹ̀rín gbé mi. Mo yára dojú dé ilẹ̀, èjìká mi ń gbọ̀n, omi ń dà lójú mi. Àǹtí Azeemah rò pé ẹkún ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ó tó, Mùínátù, má sunkún mọ́. Ọmọdé ni, mi ò bínú. Ìwọ náà gbìyànjú." Bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni mò ń gbọ̀n sí i. Wàhábì sá wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìyá wa tó bí Àǹtí Azeemah lọ́mọ kò ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú, wọ́n ní kí ẹnì kan gba àwọn. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Azeemah ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó Wàhábì ní ojú àánú. Ṣé o ti wá rí ìdí tí o fi gbọ́dọ̀ jó ìwé yìí?

Nígbà tí àwọn òbí dé, wọn ò mọ ọmọ wọn mọ́, gbogbo wọn ló di búlúù. Mo ní eré ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni a ṣe. Kò sí èyí tó fẹ́ lọ, Déọlá tiẹ̀ di ilẹ̀kùn mú. Títí di àárọ̀ yìí, mo ṣì ń fi ọ̀bẹ ha gàrí lára ògiri, sìmẹ́ńtì ò le tó o. Tó o bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún Ayman, páálí àti ṣòkòtò àgbà ni gbogbo ohun tó gbà. Àgbàdo gbígbẹ ni kó o rọ sí i, kó o sì má gbé omi sítòsí. Àbí kó o gbé e síbẹ̀, mi ò mọ̀ mọ́.

Bá mi kí bàbá Ayman, kí wọ́n máa fi òróró pa ẹsẹ̀ yẹn. Kí Ìyá Òkè-Àdó fún mi, sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn. Wàhábì ní kí n kí ọ, Ìyá wa náà ní kí n kí ọ bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan. Àná ni olùkọ́ Ikhlas, Ọ̀gbẹ́ni Frederick, ránṣẹ́ pè mí. Mo débẹ̀, ojú wọn le. Wọ́n ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi ò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Wọ́n ní àwọn gbé e kúrò níwájú sí àárín, ó bá àwọn ti àárín sọ̀rọ̀. Àwọn gbé e lọ sẹ́yìn, ó bá àwọn ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Àwọn wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn gan-an sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n bá a wí gidigidi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n rò pé mi ò gbọ́ dáadáa, wọ́n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Mo tún dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Bí mo ṣe gun ọ̀kadà ni ẹkún gidi bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dá a dúró. Ọlọ́kadà rọra tẹ bíréèkì, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní wọ́n ní ọmọ mi ń pariwo ní kíláàsì. Àánú mi ṣe é. Ó ní kí n ní sùúrù, pé Ọlọ́run á jẹ́ kó jáwọ́. Mo gbá a léjìká, mo ní kó yára gba àdúrà yẹn padà.

Tìrẹ ni mí, gàrí tàbí kò sí gàrí,
Mùínátù.